Kẹ́, Lọ́nà Méjìlá

Lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí tó ti di ahoro lẹ́bàá rélùwéè Òṣogbo
a to garawa ọ̀dà, a rọ yanrìn kún inú wọn,
a ń fi ọkọ̀ yí wọn po, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan,
aago lọ́wọ́ Múnírù.
Garawa tí o bá gbá, ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ́rùn rẹ.
Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Kò sẹ́ni tó rán wa.

Gọ́ọ̀fù mi ti dàgbà ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ.
Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń da epo bí imú ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn.
Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ rò ó wò,
á tẹ̀ lé mi, á sì tún mi orí lẹ́yìn náà
bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.
Sátidé tó kọjá, mo gbá garawa mẹ́ta.
Múnírù kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ní ìsọ̀ Ògúnjìmí, ní Ọláìyá,
ó gbé mẹ́ta kalẹ̀ lórí páálí.
Ọ̀kan jẹ́ tòkúnbọ̀, dúdú, kò ní ibi tí a ti ń bá a sọ̀rọ̀.
"Bí wọ́n ṣe bí i náà nìyẹn," ó ní, "kò gbọ́ ìkìlọ̀."
Èkejì ní orí pupa kan bí ọmọrí ìgò,
o fi ìka yí i, ó dún lọ́nà méjìlá,
kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń pa èkùrọ́.
Ẹ̀kẹta ní orí méjì:
ọ̀kan fún ìgbà tí táyà bá ń gòkè,
ọ̀kan fún ìgbà tó bá ń padà wálẹ̀.
Mo bi í pé èló ni.
Ó kọ́kọ́ mu omi kó tó dáhùn.
Mo gbé e padà sórí páálí, pẹ̀lẹ́, bí ọmọ ẹlòmíràn.

Fìjàbí, mẹkáníìkì mi, ní kí n má tan ara mi:
"Olórí méjì, wàhálà méjì.
Bí o bá ṣì í yí, o ò ní mọ èwo lo ṣì yí.
Kọ́kọ́ mọ ìwà ẹyọ kan ná.
Líle sì kọ́ ni eré.
Èyí tó bá le jù, táyà á máa fò lórí òkúta,
táyà tó ń fò kò di ilẹ̀ mú."
Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló mú mi ra olórí kan.
Orúnkún ìyá mi ni.
Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè la máa ń lọ sí ilé ìwòsàn Asúbíaró,
tìmùtìmù lábẹ́ ìdí rẹ̀,
títì Òkè-Fìà sì ní àwọn kòtò tí mo ti sọ lórúkọ.
Kẹ́ méjì fún ìyá mi, kẹ́ mẹ́wàá fún garawa:
mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Méje kò tó.
Ní mẹ́jọ níwájú, mẹ́sàn-án lẹ́yìn,
ọkọ̀ náà yí garawa tó gbẹ̀yìn po, kò bi mí ní ìbéèrè kankan.
Múnírù na aago sí mi, kò sọ̀rọ̀.

Ó di Mọ́ńdè, mo gbàgbé.
Kòtò àkọ́kọ́, gbì!
Ìyá mi ní, "Ta ló bí ọkọ̀ yìí nínú?"
Mo dúró lẹ́bàá títì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ìka mi ti wà lórí orí pupa náà
nígbà tó yọjú lójú fèrèsé: "Kí lò ń ṣe fún un?"
"Mò ń rọ̀ ọ́ ni, Màámi."
"Ṣé báyìí ló máa ń rí lọ́jọ́ Sátidé?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó wo títì lọ títí dé ìyànà,
ó tún tìmùtìmù rẹ̀ ṣe,
ó di irin òkè ilẹ̀kùn mú.
"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé orí òkè.
Ṣùgbọ́n má sọ fún dókítà."