Ọ̀pá Jíà

Yìnyín bo ojú òpópó Gyumri,
mo sùn gbalaja sábẹ́ Lada bàbá mi,
páálí ni ẹní.
Vardges jókòó sórí táyà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
ẹnu rẹ̀ kò gbọ̀n rárá:
"Nazeli, fi ọ̀dà sàmì sí i kó o tó tú u!
Ilé tí a kò sàmì sí, a kì í padà bá a lóru."

Mo sàmì. Mo gbé sípánà oní-mẹ́tàlá lé bóòtù,
ó kọ̀. Mo fi epo rọ̀ ọ́,
mo fi èébú tì í lẹ́yìn.
Ó ké kíí, ó gbà.
Ọ̀pá gígùn yọ lára jíà
bí apá tó yọ nínú ẹ̀wù tó fún.

Búùṣì inú rẹ̀ ti jẹ tán,
ó fẹ́lẹ́ bí èékánná ọmọ ọwọ́.
Àṣé òun ló ń mú jíà kẹta sá fún gbogbo wa,
fún Razmik, fún èmi,
fún màmá tó bínú sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó fẹsẹ̀ rìn délé.
Bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n pè:
á tì í díẹ̀, á dúró, á mí,
á rọra yí ọrùn ọwọ́. Ó wọlé.

Mo gbé búùṣì tuntun sókè kó rí i.
Kò wò ó. Orí ọ̀pá jíà tí mo tú ló dì mú,
èyí tí òdòdó pupa wà nínú gíláàsì rẹ̀.
"Bó o bá fi ìyẹn sí i," ó ní,
"ṣé ẹnikẹ́ni á lè wà á?"

"Ẹnikẹ́ni."

Ó dákẹ́, títí tíì wa fi tutù.
"Dè é padà.
Má fún un le jù."