Báwo Ló Ṣe Rí?

Bàbá Thackray ò ríran dáadáa mọ́.
Mo ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé etí kánààlì Ripon,
òtútù oṣù Kẹrin ń gé wa létí.
"Ẹyẹ kan wà lójú omi," ni mo wí.
"Báwo ló ṣe rí?"

Ó kéré, Bàbá. Mo kọ́kọ́ pè é lọ́mọ pẹ́pẹ́yẹ
tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sẹ́yìn.
Ó mi orí. "Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kì í dá rìn. Tún un wò."

Mo tún un wò.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹni fi osùn pa á,
ó pọ́n dé ọ̀fun, àwọ̀ obì tó gbó.
Ẹ̀yìn dúdú. Ẹnu ṣóńṣó, kò rí pẹlẹbẹ.
Ní igun ẹnu, ààmì kan funfun ráńpẹ́,
bí ẹ̀kọ tọ́mọ jẹ tí ìyá ò ráyè nù.
"Ìrù ńkọ́?"
Ìrù kẹ̀? Kò sírù, Bàbá. Ìdí lásán ni,
ìdí tó wú bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n.

Ó fẹ́ dárúkọ rẹ̀, mo ní kó dúró:
ẹyẹ ti rì.
Omi pa ẹnu dé, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.
"Máa kà," ló wí. Ẹní, èjì, ẹ̀ta,
mo kà á dé mẹ́rìndínlógún.
Lọ́hùn-ún, lábẹ́ igi tó tẹ̀ sómi, orí kan yọ.

Nígbà náà ló wá sọ ọ́: dábúṣíìkì,
bí ẹni ń pe ọmọ ilé rẹ̀ wá jẹun.
Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ní Ẹ̀pẹ́,
à bá pè é ní Rì-níhìn-ín-yọ-lọ́hùn-ún.
Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó ń yí i kiri ẹnu bí iṣu gbígbóná.
A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.
Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé àwọn arúgbó yìí,
obìnrin kan wò mí látòkè délẹ̀,
ó nawọ́ ìgbálẹ̀ sí mi.
Bàbá Thackray ò rí mi. Ohùn mi ló gbọ́.
Ó ní, "Ìwọ. Ṣé ojú tìrẹ dáa?"

Ẹyẹ tún ti rì.
Ó ń fi ìka ka ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà
lórí aṣọ tí mo fi bo orúnkún rẹ̀.
Ìka kan kì í ká mọ́, ó ń fò ó.
Mo ń wo omi.
N kò tíì rí i.