Ọkọ̀ Aago Mẹ́wàá

Mo tẹ́ ìwé sórí tábìlì, mo ń ṣírò:
ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń kúrò ní èbúté Poole láago mẹ́wàá,
ti ìkẹyìn ń padà láago márùn-ún.
Ẹni tó bá pẹ́, ó di ará erékùṣù.

Màámi gbé awò ojú wọ̀.
Oṣù méjì rèé tó ti dé láti Ìgbọ́kọ̀dá,
fèrèsé ilé ìdáná ni gbogbo ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀.
"Kí la fẹ́ rà níbẹ̀?"
Kò sí nǹkan kan, Màámi. Igi ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa.
"Ọ̀kẹ́rẹ́!" Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.
"Èyí tí à ń sọ lókò kúrò lórí ẹyìn
lẹ fẹ́ẹ́ sanwó ọkọ̀ lọ kí?"

Mo ka iye owó fún un. Ó sọ ọ́ di náírà.
Ilé dákẹ́.
Mo yára fi kún un pé wọn kì í jẹ́ kí ajá débẹ̀;
inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn.

"Òjò ńkọ́?" Fóònù ní kò ní rọ̀.
"Omi á máa kún nígbà náà, àbí á máa fà?"
Ìyẹn ni n kò kọ síbì kankan.
Ó wò mí bí ọmọ tó gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀,
èmi tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́.

Láago méjì òru mo dìde lọ mumi.
Bàtà rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú síta.
Búrẹ́dì wà nínú ọ̀rá,
àti ẹ̀pà díẹ̀ tó dì lọ́tọ̀ sétí aṣọ.
N kò bi í léèrè ta ló ni ín.