Àwa

"A dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé sí wa," ni mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní York.
"Àwọn òṣìṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé awọ náà."
Mo gbójú sókè wo àwọn òṣìṣẹ́ wa:
ẹ̀wù iṣẹ́ kan lára ìṣó,
ife tíì kan tí etí rẹ̀ ti já,
àti èmi, Ìbídùn, tí mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra wọn,
torí òtútù Walsall ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láìkanlẹ̀kùn.

Nílé wa, àgbà là ń pè ní ẹ̀yin.
Èèyàn a ti pẹ́ láyé, a ti hewú,
kí ẹnu tó sọ ọ́ di púpọ̀.
Èmi ò tíì pé ogójì ọdún.
Ìwé owó orí ló sọ mí di ẹ̀yin.

Láàárọ̀, èmi ni onígbálẹ̀.
Tí aago mẹ́sàn-án bá lù, mo di akọ̀wé,
mo fi ohùn tín-ín-rín gbé fóònù:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀, kí n wò ó bóyá ọ̀gá ráyè."
Mo gbé fóònù sórí tábìlì. Mo ka ení, èjì, dé ẹẹ́wàá.
Mo wúkọ́.
Ọ̀gá dé.

Igba bẹ́líìtì ni wọ́n fẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.
Ihò márùn-ún lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún ihò,
àtàǹpàkò kan.
Owó ńkọ́? Ó di ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹrù.
Ẹni tó ń ta awọ fún mi ò mọ ọgọ́ta ọjọ́,
onílé ò mọ̀ ọ́n, iná mànàmáná ò tilẹ̀ gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀.
Wọ́n ní awọ ò kájú ìlù.
Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti ní láti dúró báyìí rí,
pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ní aago mọ́kànlá òru,
kó máa wo èyí tó kù.

Ọkùnrin kan gbé bẹ́líìtì mi sókè lọ́jà Sátidé, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó ní òun rí èyí tó jọ ọ́ ní pọ́n-ùn mẹ́sàn-án.
Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n sọ?
Pé ìda oyin ni mo fi pa òwú yẹn,
pé ẹ̀jẹ̀ mi kán sí ihò kẹta, mo sì ti nù ún?

Lóṣù Èrèlé, ibà mú mi.
Mo tọrọ àyè ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá.
Ọ̀gá ní, igba bẹ́líìtì ńkọ́?
Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Ọ̀gá náà sunkún.
Àwa méjèèjì padà sídìí ẹ̀rọ.

Mọ́mì pè láti Ìkìrun: "Òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní báyìí?"
"A pọ̀ díẹ̀, mà."
Ó ní kí n má febi pa wọ́n o.
Mo wo búrẹ́dì àná. Mo ní mo gbọ́.

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ti eyín, wọn ò sọ ti orúnkún
tí mo fi ń di etí awọ mú.

Lọ́jọ́bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Tranter wá wo ẹ̀rọ rẹ̀.
Ó ti tà á fún mi lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, "tèmi" ló ṣì ń pè é.
Àádọ́ta ọdún ló fi jókòó tì í, ariwo rẹ̀ ti jẹ etí rẹ̀ tán,
nítorí náà ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e
bí ẹni ń wò ó bóyá ara ọmọ ṣì ń gbóná.
Ó kán epo sí i. Kò sọ nǹkan kan.
Ó fa àga, ó ń ṣa ìdè idẹ, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀.
Mo fún un ní ife, mo fi ìdérí fúláàsì mu tèmi.
Ogún ìṣẹ́jú. Ó dìde, bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti fẹ́ dé.

Mo padà sórí lẹ́tà York.
"A ó fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́la."
Ìka mi dúró díẹ̀ lórí A yẹn.
Lónìí, kì í ṣe irọ́ tán.
Lẹ́yìn náà òwú já,
mo sì tẹ̀ síwájú iná, mo ń wá ojú abẹ́rẹ́.