Ìwé Bẹ́ẹ̀dì Keje

Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni ìyàwó mi wọkọ̀ Ìlaró,
ó di Mọ́ńdè.
Ó fi ọbẹ̀ sí fìríìjì, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀,
ó fi irun Mojíbádé tí a kò tíì dì lé e.
Mo ní kò séwu.
Ẹnu ni mo fi sọ ọ́.

Sátidé, aago márùn-ún, iná ti lọ,
mò ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ìbọ̀sẹ̀ funfun.
Olúgbòde jí, ó ní:
"Dádì, kí ló dé tí ìdajì fi ju ìdámẹ́ta lọ,
nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ta ló ju méjì?"
Mo ní tí mo bá dé.

Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ tó wú lé àpótí ní Ìtókò.
Mo tú báńdéèjì àná, mo di tuntun,
mo fi àwọn ọmọ tì í.
"O tún ti ń sáré," ó ní. "Ta ní ń lé ọ?"
Mo ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà.

Ìdí-Abà, wọ́ọ̀dù ọkùnrin:
bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlá, nọ́ọ̀sì méjì.
Ibà kò fẹ́ fi Bàbá Ṣógúnlé sílẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì keje.
Mo ń fi àmì síbi tí ara rẹ̀ gbóná dé,
ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀,
mo fi ìlà so wọ́n pọ̀.
"Kí lò ń kùn lẹ́nu, ọmọ mi?"
Mi ò mọ̀ pé mò ń kùn. Ohùn ìsàlẹ̀ orin ọ̀la ni,
èyí tí Ọ̀gá Adékàmbí ní bí mo bá tún ṣì í
kí n lọ bá àwọn ará ìjọ jókòó.

Aago mẹ́rin ni ìdánrawò. Mo dé e ní márùn-ún kọjá ogún.
Àdúrà ìparí ni wọ́n ń gbà.
Àmín tèmi ló ròkè jù.

Òru, irun.
Ọwọ́ tó ń rí iṣan arúgbó nínú òkùnkùn
kò lè la irun ọmọ ọdún mẹ́fà kó gún.
Ó sunkún. Ó kù díẹ̀ kí n bá a sun ún.
A fi fìlà bò ó.

Ọjọ́ Ìsinmi. Ta ló sọ ọ́ lórúkọ yìí?
Ọ̀gá gbọ́wọ́ sókè, mo ṣí fáìlì mi:
ìwé bẹ́ẹ̀dì keje!
Ìwé orin ńkọ́? Ó wà nínú fáìlì Bàbá, ní Ìdí-Abà.
Kí ni kí n ṣe? Mo kọ ohun tí mo rí.
Níbi tí ibà gùn, mo gùn.
Níbi tó ti rọlẹ̀ ní òru Ọjọ́bọ̀,
mo rọlẹ̀ títí bẹ́ǹṣì fi gbọ̀n lábẹ́ mi,
mo sì ń bẹ Olúwa, nínú ohùn yẹn gan-an,
kí ìlà náà má tún gòkè mọ́.
Ọ̀gá wò mí lórí gíláàsì. Kò sọ nǹkan kan.
Láàárín àwọn ọmọdé, fìlà Mojíbádé ti ṣí,
irun rẹ̀ dà bí oko àgbàdo tí ìjì jà.
Ó ń juwọ́ sí mi.

Tòun ti aṣọ akọrin ni mo fi gun ọ̀kadà,
ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi ní Pànṣẹ́kẹ́.
Bàbá Ṣógúnlé ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì,
ìwé orin wà lórí àyà rẹ̀.
"Gbogbo àmì dúdú yìí," ó ní, "ṣé bí ara mi ṣe ń fò nìyí?"
Mo wọn ara rẹ̀. Ó ṣì gbóná.
Díẹ̀ ni.

Ìtókò, ilẹ̀ ti ṣú. Olúgbòde kò gbàgbé.
Mo la ọsàn kan sí méjì, mo la òmíràn sí mẹ́ta,
mo ní, wò ó, bí àwọn tó ń pín in bá ṣe pọ̀ tó,
bẹ́ẹ̀ ni ti olúkúlùkù ṣe ń kéré.
Ó wo ọsàn, ó wo ojú mi.
"Dádì, tìrẹ dà?"

Ìyá mi na ọwọ́, ó mú awẹ́ kan,
ó fi sí mi lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ọmọ tuntun.
"Jókòó," ó ní.
"Kò sẹ́ni tó ń lé ọ níbí."