Yàrá Kẹrin

Ogójì dọ́là ni alẹ́ kan, oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀:
ẹyin méjì, búrẹ́dì gígùn, kọfí oní-mílíìkì inú agolo.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ìyá mi ní kí n tún un kà.
Mo tún un kà. "Ogójì," ó ní,
ó sì ń bó aáyù lọ.

Oṣù Kẹsàn-án kọ́, òjò á ti mu ìlú náà yó.
Oṣù Kẹrin kọ́, oòrùn á yan wá bí àgbàdo.
Ká mú Oṣù Kejìlá, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti òkè Bokor sọ̀kalẹ̀
wá fọwọ́ kan ojú odò Kampot,
tí iyèré ṣì wà ní tútù lórí ìtàkùn.
Bọ́ọ̀sì láti Battambang dé Phnom Penh,
ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kejì,
torí orúnkún ìyá mi kò lè gba bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì.
Atalẹ̀ fún èébì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìlọ́po méjì.

Mo pè wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e, Veasna lorúkọ rẹ̀,
ohùn rẹ̀ tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.
Yàrá méje péré ni àwọn ní.
Àwọn kì í gba ariwo.
Àwọn kì í gba dúríánì, èso ẹlẹ́gùn-ún tó ń rùn yẹn,
bó ti wù kó dùn tó.
"Bi í," ìyá mi wí, "ṣé àtẹ̀gùn kẹta ṣì ń ké?"
Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti wọ̀ sọ́dọ̀ wa rí ni?"
Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi.
"Mo ti sùn níbẹ̀ rí. Ó pẹ́ díẹ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀: ọmọ ọdún mọ́kànlá ni
lọ́jọ́ tí àwọn ọmọkùnrin aláṣọ dúdú ní kí gbogbo ìlú jáde,
ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n ní, ẹ má di ẹrù púpọ̀.
Wọn kò di ẹrù púpọ̀.
Ìkòkò ìrẹsì kan, àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta náà kò tíì pé.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó pe ìyá mi ní Chanmony
ni ẹlòmíràn wá sọ lórúkọ:
Ibùsùn Etídò. Wọ́n kùn ún ní funfun.
Wọ́n gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síbi tí adìẹ ti ń sùn.
Mo rí i nínú àwòrán, n kò fi han ìyá mi.
Ó ti rí i kí n tó rí i.

Mo ní, ká wá agbẹjọ́rò.
"Ìwé dà? Ẹlẹ́rìí dà? Piseth, oorun ni mo fẹ́ lọ sùn."

Veasna ní yàrá kẹrin ló kéré jù, kò ní fàrándà,
àwọn lè fún wa ní kẹfà ní iye kan náà.
"Rárá o, ọmọ mi. Kẹrin."
Igi àjàgbọn ojú fèrèsé ńkọ́?
Ó wà. Èso rẹ̀ máa ń já lu páànù lóru, ó ń jí àwọn àlejò;
wọ́n fẹ́ gé e tọ́dún bá yí.
"Ẹ jẹ́ kí n dé ná," ni ìyá mi wí.

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ béèrè iye àlejò: mo kọ méjì.
Ìdí ìrìn àjò: iṣẹ́, ìsinmi, tàbí ìbẹ̀wò mọ̀lẹ́bí?
Ìyá mi ní kí n fi ìsinmi sí i.
Nígbà tó yá, ó ní kí n pa á rẹ́.
Nígbà tó tún yá, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.
Ó ti di ẹrù láti àná: aṣọ méjì, atalẹ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn tirẹ̀,
àti ìkòkò kékeré kan
tí mo ní kó yọ kúrò.
Ó ní rárá.