Ihò Ekòló

Yàrá ìwádìí wa ní Yunifásítì Ìbàdàn,
èyí tí fèrèsé rẹ̀ kan kò tíì ní gíláàsì,
ibẹ̀ ni Fádérera gbé òkúta ẹfun kalẹ̀ sí,
kò ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ.
"Ọ̀gá Láníhun, epo wà nínú irú èyí,
ọ̀nà ni kò ní."

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń fọ ìgò níbí.
Mo mọ ohun tí ásíìdì ń ṣe:
ẹ wo àpá ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó rọra jù.
Ojú òkúta nìkan ni ásíìdì jẹ,
bí eku ṣe ń jẹ etí iṣu.
Lọ́jọ́ kejì, ó fi ipá tì í;
ásíìdì fọ́n ká, ó tán, kò dé ibì kankan.
Iná tún lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò ní epo.
Ẹ gbọ́ ná, àwa tí à ń wá epo!

Lọ́jọ́ kẹta, òjò ń lu páànù Agbowó,
ó yí ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀,
kò yára, kò falẹ̀.
Ó hó ṣìì.
Nígbà tí a la òkúta sí méjì,
ihò tín-ín-rín kan gba inú rẹ̀ kọjá,
ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ
bí ọ̀nà ekòló lábẹ́ ewé kókò.

Kò pariwo. Ó fi ìka tọ ọ̀nà náà títí dé òpin.
Ó ní, "Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀.
Èmi náà kò mọ bí a ṣe ń bi í."

Mo gba òkúta lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.